Bí A Ṣe Ń Ṣe Spam Musubi Tí Kò Ní Tú Mọ́ni Lọ́wọ́

Ní Hawaii, ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà tó jẹ́ àkójọ erékùṣù, ẹni tó bá yà sí ilé epo láti ra epo sí ọkọ̀ kò ní ṣàìrí musubi nítòsí ibi tí wọ́n ti ń sanwó. Ìrẹsì ni wọ́n tẹ̀ pọ̀ bíi búlọ́ọ̀kù kékeré tó gba àtẹ́lẹwọ́, wọ́n gbé ẹran agolo tí wọ́n dín lé e lórí, wọ́n wá fi ewé òkun dúdú gbá méjèèjì mọ́ra bí ẹni di ìgbànú. Ó máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ nínú ọ̀rá tí wọ́n fi wé e. Ọwọ́ kan ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, kò gba àwo, kò gba ṣíbí. Ọmọ ilé ìwé, òṣìṣẹ́ tó ń sáré, ẹni tó ń lọ sí etíkun, gbogbo wọn ló ń rà á.

Àwọn ará Jàpáànì tí wọ́n rọ́ wá ṣiṣẹ́ ní oko ìrèké Hawaii láti ọdún 1885 ló mú ìrẹsì dídì wá síbẹ̀. Musubi ni wọ́n ń pè é, láti ara ọ̀rọ̀ wọn tó túmọ̀ sí kí a so nǹkan pọ̀. Spam, ẹran agolo náà, ní tirẹ̀ jáde ní Minnesota, Amẹ́ríkà, lọ́dún 1937, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ló sì kó o dé erékùṣù náà lọ́pọ̀ yanturu nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, torí pé kò nílò fíríìjì. Obìnrin ará erékùṣù Kauai kan, Barbara Funamura, ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ pé ó kọ́kọ́ so méjèèjì pọ̀ tà fún aráyé, láàárín àwọn ọdún 1980.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá fẹ́ dán an wò nílé ló máa ń gbájú mọ́ ẹran. Ẹran agolo ti jinná kó tó dé ọwọ́ yín, kò sí bí ẹ ṣe lè bà á jẹ́ púpọ̀. Ibi tí iṣẹ́ wà ni ìrẹsì, àti bí ẹ ṣe máa darí ooru àti omi inú rẹ̀. Bí musubi bá tú, bí ewé bá ya, bí ó bá le kankan lọ́jọ́ kejì, ọ̀dọ̀ ìrẹsì ni kí ẹ ti kọ́kọ́ wá ìdí rẹ̀.

Ohun èlò fún musubi 8

Agolo Spam 1, ti 340 gíráàmù
Ìrẹsì oníhóró kúkúrú tàbí oníhóró àárín, 350 gíráàmù kí a tó sè é
Omi, 440 mílílítà
Ewé nori (ewé òkun gbígbẹ) odindi 3
Sóyà sọ́ọ̀sì, ṣíbí ìjẹun 2
Ṣúgà, ṣíbí ìjẹun 2
Mirin (ọtí ìrẹsì dídùn tí àwọn ará Jàpáànì fi ń se oúnjẹ), ṣíbí ìjẹun 1. Bí kò bá sí, ẹ fi omi ṣíbí 1 àti ṣúgà fíńńfín rọ́pò rẹ̀
Furikake (èròjà gbígbẹ tí wọ́n ń wọ́n sórí ìrẹsì) díẹ̀, bí ẹ bá rí i rà

Ṣíbí ìjẹun tí a ń sọ níbí ni èyí tó gba mílílítà 15. Bí kò bá sí ìwọ̀n nílé, kọ́ọ̀bù tó gba mílílítà 200, tí ẹ bu ìrẹsì sí lẹ́ẹ̀mejì tí ẹ sì fọwọ́ nù dọ́gba, á sún mọ́ ohun tí a fẹ́. Ní ti irinṣẹ́, ẹ wá ìkòkò tí ìdí rẹ̀ nípọn tí ọmọrí rẹ̀ sì dé dáadáa, páànù, ìgbákọ, ọ̀bẹ tó mú, ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi ń wé oúnjẹ, àti mọ́ọ̀dù.

Ẹni tó ti rí bí wọ́n ṣe ń ṣe búlọ́ọ̀kù ilé ti mọ mọ́ọ̀dù yìí. Àpótí ike kékeré ni, òkè rẹ̀ ṣí, ìsàlẹ̀ rẹ̀ náà ṣí, inú rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 9 sí 5, ó sì ní ìtẹ̀ tó wọ inú rẹ̀ géérégé. Wọ́n ń tà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí kò bá ní in lè lo agolo Spam fúnra rẹ̀, a ó sì ṣàlàyé rẹ̀ níwájú.

Ìrẹsì

Ìrẹsì tí a fi ń se jọ̀lọ́ọ̀fù kò wúlò níbí. Ìrẹsì gígùn tí wọ́n ti bọ̀ kí wọ́n tó bó èèpo rẹ̀, tó kún ọjà wa, dára torí pé hóró kọ̀ọ̀kan máa ń dá dúró. Ohun tí a tìtorí rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ nínú jọ̀lọ́ọ̀fù gan-an ló máa ba musubi jẹ́. Sítáàṣì oríṣi méjì ló wà nínú ìrẹsì, amylose àti amylopectin. Bí amylose bá pọ̀, hóró á yapa. Bí amylopectin bá borí, á lẹ̀ mọ́ra. Oníhóró kúkúrú àti oníhóró àárín ni amylopectin ti pọ̀ tó bí a ṣe fẹ́ ẹ.

Calrose ni wọ́n ń lò jù ní Hawaii, ìrẹsì oníhóró àárín láti California. Ẹni tó bá wà ní London tàbí Houston, ẹ wá èyí tí wọ́n kọ sushi rice sí lára, òun náà á ṣe é. Ẹ má ṣe ra èyí tí wọ́n kọ glutinous tàbí sweet rice sí. Ìyẹn ti lẹ̀ kọjá ààlà, á di nǹkan bí iyán tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó wà ní Nàìjíríà tí Calrose wọ́n jù fún lè lo ìrẹsì tùwó tí wọ́n ń kó wá láti òkè Ọya. Ó kúrú, ó sì ń lẹ̀. Àmọ́ ó tètè ń rọ̀, nítorí náà ẹ dín omi kù sí 400 mílílítà nígbà àkọ́kọ́, kí ẹ wo bó ṣe rí, kí ẹ sì ṣa òkúta inú rẹ̀ dáadáa.

Ẹ fọ ìrẹsì. Omi àkọ́kọ́ máa ń funfun bí omi ògì, ẹ tètè dà á nù kí ìrẹsì má bàa fà á mu padà. Ẹ tún un fọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta sí i, ẹ máa fi ọwọ́ yí i jẹ́jẹ́, ẹ má ṣe ha á mọ́ra débi tí hóró á fi máa kán. Nígbà tí omi bá ti mọ́ débi pé ẹ lè rí hóró ní ìsàlẹ̀ abọ́, ó ti tó. Ìyẹ̀fun ara ìrẹsì ni a ń fọ̀ kúrò. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, á di ọ̀dà sára hóró, ìrẹsì á máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́ àti mọ́ọ̀dù dípò kó lẹ̀ mọ́ ara wọn.

Ẹ sẹ́ ẹ gbẹ nínú asẹ́ fún ìṣẹ́jú 5. Lẹ́yìn náà, ẹ dà á sínú ìkòkò, ẹ da omi mílílítà 440 lé e, kí ẹ fi í sílẹ̀ láìdáná fún ìṣẹ́jú 30. Rírẹ yìí ṣe pàtàkì. Bí omi kò bá tíì dé àárín hóró kí iná tó kàn án, ẹ̀yìn á rọ̀ nígbà tí àárín ṣì le, irú hóró bẹ́ẹ̀ sì máa ń kán nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́.

Ẹ dé e, ẹ gbé e kaná, kí iná mọ níwọ̀n. Nígbà tí ẹ bá gbọ́ tó ń hó, tí ooru sì ń yọ létí ọmọrí, ẹ dín iná kù pátápátá, kó kàn máa jó rírẹlẹ̀ fún ìṣẹ́jú 12. Ẹ má ṣe ṣí i wò. Ooru tó bá jáde kò ní padà, òun ló sì ń se ìrẹsì òkè. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 12, ẹ pa iná, kí ẹ fi ìkòkò sílẹ̀ bó ṣe wà fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Láàárín àkókò yìí ni omi tó ṣẹ́kù ní ìsàlẹ̀ máa ń gòkè tí gbogbo rẹ̀ á fi rọ̀ dọ́gba. Ẹni tó ní ìkòkò iná mànàmáná tí wọ́n fi ń se ìrẹsì, ẹ fi omi kan náà sí i, ẹ jẹ́ kó ṣe iṣẹ́ rẹ̀, àmọ́ kí ẹ ṣì fún un ní ìṣẹ́jú 10 lẹ́yìn tó bá ti kú.

Ẹ ki ìgbákọ bọ omi, kí ẹ fi gé ìrẹsì láti òkè dé ìdí, kí ẹ máa yí i sókè jẹ́jẹ́. Ẹ má ṣe rò ó bí ẹni ń ro ọkà. Ẹ kó o sínú abọ́ gbígbòòrò, ẹ fi aṣọ mímọ́ tí ẹ ti fún omi inú rẹ̀ kúrò bò ó. Ẹ ò ní fi iyọ̀ sí i. Iyọ̀ inú ẹran àti sóyà sọ́ọ̀sì ti tó fún gbogbo rẹ̀, ìrẹsì tó tẹ́ lẹ́nu yẹn ló sì ń jẹ́ kí ìkéje máa dùn bí ìkíní. Láti inú ohun tí ẹ sè yìí, ẹ máa rí nǹkan bí gíráàmù 780.

Ìgbà wo ló yẹ kí ẹ tẹ̀ ẹ́? Nígbà tí ìka yín bá lè wà nínú rẹ̀ láìjó, ṣùgbọ́n tí ẹ ṣì ń mọ ooru rẹ̀. Bó bá gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ, omi inú rẹ̀ á rọ ewé òkun kó tó di pé ẹ wé e tán. Bó bá tutù, sítáàṣì rẹ̀ ti ń le, kò sì ní lẹ̀ mọ́, bó ti wù kí ẹ tẹ̀ ẹ́ tó. Ìṣẹ́jú 10 sí 15 lẹ́yìn tí ẹ kó o sínú abọ́ ni ó sábà máa ń bọ́ sí i. Ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ fi dín ẹran.

Ẹran

Bí ẹ bá ní àkókò, ẹ fi agolo sínú fíríìjì fún wákàtí kan kí ẹ tó ṣí i, ẹran tó tutù rọrùn láti gé gbọọrọ. Ẹ ṣí i, ẹ fi ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ yí etí rẹ̀ ká bí a ti í ṣe fún mọ́ínmọ́ín agolo, ẹ tẹ ẹ̀gbẹ́ agolo díẹ̀, kí ẹ sì dà á dojú bolẹ̀. Á yọ́ jáde. Ẹ má ju agolo nù.

Bí ẹran ṣe dúró nínú agolo ni kí ẹ ṣe gé e, kí ọ̀bẹ máa gba inú ẹran kọjá ní ìbú, kí ègé kọ̀ọ̀kan lè rí bí ìdérí agolo. Ẹ kọ́kọ́ gé e sí méjì dọ́gba, ẹ gé ìdajì kọ̀ọ̀kan sí méjì, ẹ tún gé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí méjì. Ẹ ti ní 8, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 1. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti etí kan máa ń rí èyí tó ṣẹ́kù gbẹ̀yìn tó nípọn bí bíríkì. Àwọn kan máa ń gé e sí 10. Tinrín bẹ́ẹ̀ máa ń gbẹ, ó sì máa ń ká sókè nínú páànù. 8 ni a fọwọ́ sí.

Spam oníyọ̀ gidi ni. Nínú gíráàmù 56 péré, sodium, èròjà inú iyọ̀, tó wà níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó miligíráàmù 800. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru nínú ilé, ẹ wá èyí tí wọ́n dín iyọ̀ rẹ̀ kù. Tàbí kí ẹ da ègé ẹran sínú omi híhó fún ìṣẹ́jú 2, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi tíṣù nù ún gbẹ kó tó dé páànù. Díẹ̀ nínú iyọ̀ àti ọ̀rá rẹ̀ á bá omi lọ. Kò sọ ọ́ di oúnjẹ aláìníyọ̀, ẹ má ṣe tan ara yín.

Ẹ gbé páànù kaná, kí iná mọ níwọ̀n, ẹ má fi òróró sí i. Ọ̀rá inú ẹran á yọ́, òun náà ló máa dín in. Ẹ tò ó kó má gun ara wọn. Ìṣẹ́jú 2 sí 3 fún ojú kan, títí á fi pọ́n bí àkàrà tó jinná, tí etí rẹ̀ á máa ta. Ẹ yí i padà, kí ẹ ṣe ojú kejì bẹ́ẹ̀.

Ẹ da ọ̀rá tó yọ́ nù báyìí, ẹ fi tíṣù nu páànù. Ọ̀pọ̀ máa ń fo èyí. Ọ̀rá tó bá ṣẹ́kù kò ní jẹ́ kí sọ́ọ̀sì di ara ẹran mú, ẹran ọlọ́ràá á sì máa yọ̀ kúrò lórí ìrẹsì bí ẹni tó tẹ ọbẹ̀ ilá.

Ẹ po sóyà sọ́ọ̀sì, ṣúgà àti mirin títí ṣúgà á fi yọ́. Ẹ dín iná kù, ẹ dà á sórí ẹran. Kí ojú yín má kúrò lára páànù nísinsìnyí, torí pé láàárín ìṣẹ́jú 1 sí 2 ni gbogbo rẹ̀ máa parí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìfóòfó rẹ̀ á kéré, á sì máa yára. Ẹ máa yí ẹran padà nínú rẹ̀. Bí ìfóòfó náà bá ti ń tóbi tó sì ń bẹ́ lọ́ra, tí sọ́ọ̀sì ń fà tẹ̀lé ẹran bí oyin, ẹ gbé páànù kúrò lórí iná lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá 20 sí i, ṣúgà á jóná, á korò, kò sì sí àtúnṣe rẹ̀. Ẹ to ẹran sórí àwo, ẹ má tò ó lé ara wọn, kí ó tutù díẹ̀.

Ewé òkun

Nori kì í ṣe ewé tí wọ́n já lára igi. Koríko inú òkun ni wọ́n rẹ́ wẹ́wẹ́, tí wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ, tí wọ́n sì sá gbẹ bí ìwé. Àwọn ará Jàpáànì ti ń gbìn ín fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún láìmọ ibi tí èso rẹ̀ ti ń wá. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì obìnrin kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Kathleen Drew-Baker, ló tú àṣírí náà lọ́dún 1949, pé inú ìkarahun ìgbín òkun àti ìṣáwùrú ni koríko náà ti ń gbé apá kan ìgbésí ayé rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni gbígbìn rẹ̀ tó di ohun tó dá wọn lójú. Títí dòní, ìlú Uto ní Jàpáànì ń ṣe ìrántí rẹ̀ lọ́dọọdún, bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ kò dé ibẹ̀ rí. Ó yẹ kí ẹni tó ń wé musubi mọ orúkọ rẹ̀.

Ewé odindi kan gùn ní sẹ̀ǹtímítà 21, ó fẹ̀ ní 19. Ẹ fi sísọ́ọ̀sì mímọ́ gígbẹ gé e ní gígùn sí mẹ́ta. Ọ̀kọ̀ọ̀kan á fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 6 lọ díẹ̀, á sì gùn ní 21. Ẹ má ṣe gé e ní ìbú. Musubi tí a ń ṣe yìí, bí ẹ bá fi okùn wọn àyíká rẹ̀, á tó sẹ̀ǹtímítà 17, nítorí náà ewé tó gùn ní 21 á ká a tán, á tún gun ara rẹ̀. Èyí tó gùn ní 19 á ká a ṣá, ṣùgbọ́n bí ìrẹsì bá pọ̀ díẹ̀, etí rẹ̀ kò ní pàdé.

Ojú kan lára ewé ń dán, ojú kejì rí ṣákaṣàka. Ojú tó ń dán ló máa wà níta. Ẹ kó ìyókù padà sínú àpò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, pẹ̀lú pákẹ́ẹ̀tì kékeré tó ń fa omi inú rẹ̀, kí ẹ sì dì í pa. Afẹ́fẹ́ àárín òjò ní Èkó lè sọ ọ́ di rírọ̀ láàárín wákàtí kan. Bó bá ti rọ̀, ẹ mú un ní igun, ẹ fẹ́ ẹ kọjá lókè iná gáàsì fún ìṣẹ́jú àáyá 2 sí 3. Á padà gan, òórùn òkun inú rẹ̀ á sì jí.

Títẹ̀ àti wíwé

Ẹ tẹ́ ewé kan sórí pákó gígbẹ, ojú tó ń dán sísàlẹ̀. Ẹ ki mọ́ọ̀dù bọ omi, ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa, kí ẹ gbé e sí àárín ewé, kó dá a ní ìbú, kí ewé yọ ní apá méjèèjì bákan náà. Omi ara mọ́ọ̀dù ni kò ní jẹ́ kí ìrẹsì lẹ̀ mọ́ ọn. Bó bá ń kán tó-tó-tó, ẹ nù ún, torí ewé á rọ.

Ẹ bu ìrẹsì gíráàmù 95 sínú rẹ̀. Ẹ fi ìka tútù tẹ́ ẹ dé gbogbo igun kí ẹ tó fi ìtẹ̀ lé e, torí igun ni ó ti máa ń kọ́kọ́ fọ́. Bí ẹ bá ní furikake, ẹ wọ́n ọn sórí ìrẹsì nísinsìnyí. Yànmọ̀tí, ewé òkun wẹ́wẹ́, iyọ̀ àti ẹja gbígbẹ lílọ̀ ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Ẹ gbé ẹran lé e, ẹ fi ìtẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Báwo ló ṣe yẹ kó le tó? Ọwọ́ ló máa kọ́ yín, àmọ́ àmì wà. Ìrẹsì tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 3 nígbà tí ẹ bù ú yẹ kó wálẹ̀ sí 2 tàbí díẹ̀ sí i. Tí ẹ bá wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ ṣì gbọ́dọ̀ lè ka hóró kọ̀ọ̀kan. Bí ojú rẹ̀ bá ti ń dán bí ẹ̀kọ, ẹ ti tẹ̀ ẹ́ jù, á di nǹkan wúwo lẹ́nu. Bí ihò bá sì pọ̀ láàárín hóró, á tú kí ẹ tó jẹ ẹ́ dé ìdajì.

Ẹ fi àtàǹpàkò di ìtẹ̀ mú sísàlẹ̀, kí ẹ sì fi àwọn ìka yòókù fa mọ́ọ̀dù sókè. Ẹ má ṣe fa ìtẹ̀ àti mọ́ọ̀dù pọ̀, gbogbo rẹ̀ á bá yín gòkè. Nígbà tí mọ́ọ̀dù bá kúrò, ẹ rọra yọ ìtẹ̀. Ẹ gbé apá ewé kan lé ẹran, ẹ fà á kó mọ́ra, ẹ gbé apá kejì lé e. Ẹ fi ìka tó tutù kan etí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Hóró ìrẹsì kan náà lè lẹ̀ ẹ́ bíi góòmù. Ẹ dà á dojú bolẹ̀ fún ìṣẹ́jú 1, kí ìwúwo rẹ̀ bá yín di ojú ìpàdé náà pa.

Ẹni tó ń lo agolo: ẹ fọ̀ ọ́, ẹ ṣọ́ra fún etí rẹ̀, ó mú bí abẹ. Ẹ tẹ́ ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sínú rẹ̀ kó yọ síta yíká. Ẹ kọ́kọ́ fi ẹran sí ìsàlẹ̀, ẹ da ìrẹsì lé e, ẹ ká ọ̀rá bò ó, kí ẹ sì fi ìdí ife kékeré tàbí ẹ̀yìn ṣíbí tẹ̀ ẹ́. Ẹ di ọ̀rá mú, ẹ fa gbogbo rẹ̀ jáde. Ẹ dà á dé kí ẹran wà lókè, ẹ gbé e sórí ewé, ẹ wé e. Kò yára tó mọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n ohun tó jáde kò yàtọ̀, torí ara agolo kan náà ni ẹran ti gba ìrísí rẹ̀.

Wíwé dání àti pípamọ́

Ẹ fi ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé ọ̀kọ̀ọ̀kan nígbà tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ewé òkun á rọ̀ díẹ̀, á sì mọ́ ìrẹsì lára; bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ ní Hawaii. Ẹni tó bá fẹ́ kí ewé máa dún lẹ́nu, kó wé ìrẹsì àti ẹran nìkan sínú ọ̀rá, kó mú ewé dání lọ́tọ̀ nínú àpò gígbẹ, kó wá wé e nígbà tó bá fẹ́ jẹ ẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi èyí ṣeré. Ìrẹsì tó ti jinná lè ní kòkòrò Bacillus cereus nínú. Ẹyin rẹ̀ kì í kú nínú sísè, ìgbà tí ìrẹsì bá wà nínú ooru lásán ló máa ń jí, oró tó sì ń tú jáde kì í parẹ́ bí a bá tún un gbóná. Òfin tí àwọn elétò ìlera oúnjẹ ní Amẹ́ríkà fi lélẹ̀ ni wákàtí 2 níta fíríìjì. Bí ooru ọjọ́ náà bá kọjá 32 lórí òṣùwọ̀n Celsius, wákàtí 1 péré. Ẹni tó bá ń fi sínú àpò ọmọ lọ sílé ìwé, kó fi yìnyín dídì sí i. Àwọn ilé ìtajà tó ń tà á lọ́lọ́wọ́ọ́rọ́ ń gbé e sínú àpótí tó ń gbóná ju 60 lọ ni, kì í ṣe orí tábìlì lásán.

Nínú fíríìjì, ẹ jẹ ẹ́ tán láàárín ọjọ́ 2. Ìrẹsì á le, torí sítáàṣì rẹ̀ máa ń dì padà nínú òtútù. Ẹ tú ọ̀rá kúrò, ẹ fi tíṣù tí ẹ fi omi rẹ wé e, ẹ fi sínú maikirowéfù fún ìṣẹ́jú àáyá 40, yóò padà rọ̀. Ẹ má jẹ ẹ́ ní tútù nígbà tí ó bá ti le, kò ní dùn, ẹ ó sì rò pé ẹ̀yin lẹ ò mọ̀ ọ́n sè.

Bí nǹkan bá yàtọ̀

Ewé tó ya nígbà tí ẹ ń fà á, ìrẹsì ti gbóná jù tàbí omi ti kán sórí pákó. Ẹ gbé ìrẹsì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún ìṣẹ́jú 5, ẹ nu pákó. Ewé tó ń fà bí rọ́bà tí eyín ò lè gé, ó ti pẹ́ nínú afẹ́fẹ́ kó tó dé ọwọ́ yín. Ẹ yan án bí a ti wí.

Bí ìrẹsì bá fọ́ sí wẹ́wẹ́ pẹ̀lú pé irú rẹ̀ dára, ó ti tutù kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, tàbí omi rẹ̀ kéré. Ẹ wọ́n omi ṣíbí 2 sí i, ẹ dé e, ẹ fi iná rírẹlẹ̀ gbóná rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 3, kí ẹ tún un gbìyànjú. Bó bá rọ̀ jọ̀bọ̀lọ̀, kò sí ohun tí ẹ lè ṣe fún tòní. Ẹ fi jẹ ọbẹ̀, kí ẹ dín omi kù ní mílílítà 30 nígbà mìíràn.

Ẹran tó ń yọ́ jáde lẹ́yìn bí ẹ bá gé e jẹ, ẹ kò da ọ̀rá páànù nù, tàbí ẹ gbé ẹran lé ìrẹsì láìtẹ̀ méjèèjì pọ̀ mọ́ ara wọn.

Fún ẹni tí kò jẹ ẹlẹ́dẹ̀

Spam gidi, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni. Mùsùlùmí àti ẹnikẹ́ni tí kò bá jẹ ẹ́ gbọ́dọ̀ ka ara agolo. Spam tí wọ́n fi tòlótòló ṣe wà, ọ̀rá rẹ̀ kéré, nítorí náà ẹ fi òróró ṣíbí kékeré 1 sí páànù. Ti tòlótòló náà, kí Mùsùlùmí wo àmì halal lára rẹ̀ kó tó rà á. Ẹran agolo tí wọ́n fi màlúù tàbí adìẹ ṣe tí ó sì ṣeé gé á ṣiṣẹ́ pẹ̀lú.

Corned beef tí a mọ̀ dáadáa nílé kò ṣeé gé fún un. Bó bá ti kan páànù, ọ̀rá tó so ó pọ̀ á yọ́, á tú ká bí ìgbà tí a bá fi se sítúù. Ohun tí wọ́n ń ṣe ní Hawaii ni pé wọ́n ń pò ó mọ́ ọ̀dùnkún sísè tí wọ́n gún àti ẹyin, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ, wọ́n á sì dín in. Fún agolo corned beef 1, ẹ lo ọ̀dùnkún gíráàmù 250 àti ẹyin 1. Ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ ní ìwọ̀n mọ́ọ̀dù, ẹ fi sínú fíríìjì fún ìṣẹ́jú 30 kó le, kí ẹ tó dín in. Ẹ má da sọ́ọ̀sì ṣúgà sí i nínú páànù, á tú u. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré kùn ún lára lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé e kalẹ̀.

Ẹyin náà wọ́pọ̀ nínú musubi àárọ̀. Ẹ lu ẹyin 3, ẹ dín in nínú páànù kékeré kó nípọn, ẹ gé e ní ìwọ̀n ẹran, kí ẹ fi sí àárín ìrẹsì àti ẹran. Tí ẹ bá fi ẹyin sí i, ẹ dín ìrẹsì kù sí gíráàmù 80, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, etí ewé kò ní pàdé.